Ọmọbìnrin Tí Kì Í Sọ̀rọ̀ Nínú Ìwé Hirukawa

Ohun tí Chitose Mizuhara fi ń yangàn nínú iṣẹ́ ògbufọ̀ ni pé kì í fi kún ọ̀rọ̀, kì í sì í yọ nínú rẹ̀. Bí èèyàn bá bú ẹnìkejì rẹ̀, èébú náà gan-an ni Chitose yóò gbé débẹ̀; bí ó bá sọ ọ̀rọ̀ dídùn, adùn rẹ̀ kò ní dín. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì ń dá gbé inú yàrá méjì ní Kichijoji, àdúgbò kan ní Tokyo, lókè ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì kan. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń jókòó sáàárín àwọn ará Tokyo àti àwọn òyìnbó tó wá bá wọn dòwò pọ̀.

Òfin rẹ̀ yìí ní ìdí. Nígbà tó wà ní kékeré, ilé iṣẹ́ ẹja kan gbé bàbá rẹ̀ lọ sí Seattle, tìyá-tọmọ sì tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí ọmọ fi gbọ́ èdè ibẹ̀, ìyá kò gbọ́ ọ rárá. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Chitose lọ́jọ́ tí dókítà ní kó sọ fún ìyá rẹ̀ pé àìsàn náà ti kọjá oògùn. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó ní, "Wọ́n ní kẹ́ ẹ máa sinmi." Ìyá náà sinmi lóòótọ́. Kò kọ lẹ́tà sí àwọn ará ilé, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni, nígbà tó sì di oṣù mẹ́ta, ó ti lọ. Láti ìgbà yẹn ni Chitose ti búra pé òun kò tún ní pa ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ dà mọ́ láé.

Òfin yẹn ló gbé e ṣubú.

Ní oṣù kẹta ọdún kan, ilé ìtẹ̀wé kan pè é pé kó wá túmọ̀ fún Hirukawa. Ayàwòrán màngá, ìwé ìtàn alàwòrán àwọn ará Japan, ni Hirukawa, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tó ń gbé Choshi, níbi tí odò Tone ti ń wọ inú òkun. Nígbà tí orúkọ rẹ̀ ṣì ń ròkè, ó ya ìwé mẹ́wàá nípa Nagisa, ọmọbìnrin adití tí bàbá rẹ̀ ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èèyàn sọdá odò. Láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, Nagisa kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ọwọ́ ló fi ń sọ gbogbo ohun tó bá fẹ́ sọ. Àwọn òǹkàwé rò pé inú orí Hirukawa lọmọ náà ti jáde, ṣùgbọ́n àwọn ará Choshi mọ̀ pé Isoko ni, àbúrò rẹ̀ obìnrin, adití, tí wọ́n jọ ń gbé títí di òní.

Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Colley ló fẹ́ sọ ìwé náà di fíìmù, kí àwọn òṣèré tó jẹ́ èèyàn gidi ṣe é fún àwọn ará ilé rẹ̀. Ọkùnrin náà lọ́yàyà, ó sì fẹ́ràn ìwé náà dénú. Ó mọ ojú ewé tí ohun kọ̀ọ̀kan wà lórí. Ó ní abúlé náà yóò di ìlú kan létí odò ní Amẹ́ríkà, Nagisa yóò di Nora. Hirukawa ń mi orí sí gbogbo rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dìde, Colley ní:

"Ohun kan ló kù. Níparí, nígbà tí omi bá ń gbé bàbá rẹ̀ lọ, mo fẹ́ kó ké. Ọ̀rọ̀ kan péré: 'Bàbá.' Àwọn èèyàn wa gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn ọmọ náà kí wọ́n tó relé."

Hirukawa fa èémí gba àárín eyín. Ó fọwọ́ pa ẹ̀yìn ọrùn. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tó le díẹ̀ ni. Màá rò ó dáadáa."

Gbogbo ọmọ Japan tó wà nínú yàrá yẹn ló mọ̀ pé ó ti kọ̀. Bí àgbà ilé tiwa bá ní "a ó máa wò ó," ta ni yóò tún padà wá béèrè? Ṣùgbọ́n Chitose di òfin rẹ̀ mú. Ó yíjú sí Colley, ó ní, "Ó ní ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀, òun yóò rò ó dáadáa."

Ojú Colley tàn. Ó ní, "Kò sí ohun tí mo tún fẹ́ ju ìyẹn lọ," ó sì kọ nǹkan sínú ìwé kékeré ọwọ́ rẹ̀. Ẹnu ń yún Chitose. Kò sí ẹni tó bi í ní ohun tó rò. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé, ó wọ rélùwéè, ó lọ ilé.

Ní oṣù kẹfà ni wọ́n fi ìwé eré fíìmù náà ránṣẹ́ sí i pé kó túmọ̀ rẹ̀ fún Hirukawa. Lẹ́tà tó wà lókè rẹ̀ sọ pé a ti mú ọmọ náà ké níparí, "gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gbẹ́ni Hirukawa ṣe fara mọ́ ọn." Chitose ka gbólóhùn yẹn tán. Ó ṣí ojú ewé ìkẹyìn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Nora ké. Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù tí wọn yóò fọwọ́ sí àdéhùn.

Ó fi ọjọ́ méjì jókòó ti ìtumọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó pe Nagase, olóòtú ilé ìtẹ̀wé náà, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Hirukawa lọ́jọ́ ìpàdé. Sensei, ìyẹn Ọ̀gá, ni àwọn méjèèjì ń pe Hirukawa.

"Nagase-san, Sensei kò gbà pé kí ọmọ yẹn ké. Ẹ wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀."

"Ẹ sì mọ ohun tó ní lọ́kàn."

"Mo gbọ́ ohun tó fẹnu sọ. Ẹ̀yin lẹ túmọ̀ rẹ̀, ẹ sì túmọ̀ rẹ̀ dáadáa." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Mizuhara-san, ẹ jọ̀ọ́. Kò sí ọ̀kan nínú ìwé Sensei mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó ṣì wà lórí àtẹ. Bí fíìmù yìí bá jáde, gbogbo rẹ̀ la máa tún tẹ̀. Bí kò bá jáde, orúkọ baba yẹn máa ṣáájú ara rẹ̀ wọ sàréè. Ṣé ohun tí ẹ ń wá nìyẹn?"

"Èmi kọ́ ló yẹ kí n sọ ohun tí mò ń wá."

"Ẹ ti dá ara yín lóhùn nìyẹn."

Ní àárọ̀ Sátidé, ó wọ rélùwéè lọ sí Choshi. Isoko ló bá níta, tó ń sá ẹja sàdíìnì sórí àwọ̀n onírin. Obìnrin náà wo ètè rẹ̀, ó lóye, ó sì nawọ́ sí inú ilé. Níwájú Hirukawa, Chitose kúnlẹ̀, ó gbé ìwé eré tó ti túmọ̀ kalẹ̀, ó fi iwájú orí kan ẹní.

"Sensei, èmi ni mo ba nǹkan jẹ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ yín, mo fi ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ gbà."

Hirukawa ní, "Ẹ dìde, Mizuhara-san. Nígbà tí mo ní màá rò ó, mo mọ̀ pé òyìnbó yẹn kò ní lóye."

Chitose gbé orí sókè.

"Mo mọ̀. Mo fi í sí yín lẹ́nu ni. Bó bá dára, ó dára fún mi. Bó bá bàjẹ́, màá ní ògbufọ̀ ló ṣì í túmọ̀." Ó ń wo tábìlì tó ti ń yàwòrán. "Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ lẹ́tà sí mi nípa iṣẹ́ mi."

"Ṣé Isoko-san mọ̀?"

"Kó má mọ̀."

Ṣùgbọ́n Isoko ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú tíì, ó sì ti ń wo ètè àwọn méjèèjì. Ó gbé tíì kalẹ̀. Ó mú ìwé eré tí Chitose ti túmọ̀ lórí ẹní, ó kà á láti ìlàjì dé ìparí. Lẹ́yìn náà, ó fi ọwọ́ bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìbéèrè. Hirukawa ki ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ itan, ó jókòó lé wọn. Isoko wò ó títí. Ó wá mú pẹ́ńsù, ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé náà, ó nà á sí Chitose: "Ọjọ́ wo ni wọ́n máa fọwọ́ sí i?"

Chitose kọ ọ́ pé ọjọ́ Ẹtì ni.

Isoko kọ ọ́ pé, "Mú mi dání."

Ní ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá àárọ̀, àwọn márùn-ún ló jókòó yí tábìlì gígùn kan ká ní ilé ìtẹ̀wé náà. Nígbà tí Colley gbọ́ ẹni tí Isoko jẹ́, ó dìde, ó tẹrí ba. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni rí ìyá rẹ̀. Isoko bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló gbọ́ èdè ọwọ́ yẹn níbẹ̀, òun ló sì yẹ kó fẹnu sọ ọ́ kí Chitose tó gbé e dé ọ̀dọ̀ òyìnbó.

Hirukawa ní, "Inú àbúrò mi dùn láti rí yín. Ó ní kẹ́ ẹ bá òun tọ́jú ìtàn náà."

Chitose kò gbọ́ èdè ọwọ́, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò lè kéré tó bẹ́ẹ̀. Kò tíì la ẹnu tí Isoko, tó ń wo ètè ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fi àtẹ́lẹwọ́ lu tábìlì. Ife tíì fò sókè. Ó tún bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó ń gbé ọwọ́ rẹ̀ kọ́ Hirukawa lójú. Hirukawa kò ríbi yíjú sí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fẹnu sọ ohun tó rí:

"Ó ní, 'Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí. Lọ́jọ́ tí omi gbé bàbá wa lọ, mo wà létí odò. N kò ké. Mo wọ omi dé àyà, mo fi ọwọ́ pè é, ó sì rí ọwọ́ mi. Òun náà na ọwọ́ tirẹ̀. Ẹ ní kí n ké. Ta ni ẹ fẹ́ kó gbọ́? Bàbá mi ti rí mi ní tirẹ̀.'"

Chitose túmọ̀ rẹ̀ láìda ẹ̀kán kan sílẹ̀. Omi lé ròrò sójú Colley. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé iyì ńlá lèyí jẹ́ fún mi. Bí a bá délé, a máa gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò tọkàntọkàn pẹ̀lú gbogbo àwọn tó kàn."

Chitose ti gbé ìlú wọn fún ọdún mẹ́sàn-án. Ó mọ ohun tí ìyẹn ń jẹ́. Ó yíjú sí Isoko, kó lè rí ètè òun kedere.

"Ó ní rárá."

Nagase ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mizuhara-san, kì í ṣe ohun tó sọ nìyẹn."

"Mo mọ̀."

Colley ń wojú wọn. "Kí lẹ sọ fún un?"

"Mo ní ẹ ní rárá. Ṣé irọ́ ni mo pa?"

Colley wo àwọn ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Ó tì wọ́n sí iwájú Hirukawa.

Hirukawa mú kálámù. Kò sí ẹni tó tún bẹ̀ ẹ́, kò sì sí ẹni tó dá a dúró. Ọwọ́ tó ti ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán ló fi kọ orúkọ ara rẹ̀ sí àdéhùn náà. Isoko dúró wò ó títí ó fi parí rẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Chitose sáré bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ èdè ọwọ́ tí yóò fi bẹ̀ ẹ́. Ó kàn dúró níwájú rẹ̀, ó so ọwọ́ méjèèjì rọ̀, títí tí ẹ̀rọ agbéniròkè fi dé.

Ilé ìtẹ̀wé náà kò pè é mọ́. Àwọn yòókù gbọ́ pé Mizuhara ti ń dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sọ lórí tábìlì, kí ọdún náà sì tó parí, fóònù rẹ̀ ti dákẹ́. Ilé ìwòsàn kan ló wá ń ṣiṣẹ́ fún báyìí, níbi tó ti ń túmọ̀ fún àwọn àlejò tí kò gbọ́ èdè dókítà. Fíìmù náà jáde lẹ́yìn ọdún méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ náà ké nínú rẹ̀, àwọn èèyàn sì sunkún. Wọ́n tún ìwé Hirukawa mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ̀, lẹ́tà tí kò lè kà sì ń dé sí i láti ìlú òkèèrè.

Isoko kó kúrò nílé, ó lọ sí ilé àwọn àgbà adití ní Chiba. Chitose máa ń lọ kí i ní ọjọ́rú. Ó ti ń kọ́ èdè ọwọ́, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ti le. Lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ sọ pé ó rẹ òun, ó ní ewébẹ̀ ni òun, Isoko sì rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Ní ìgbà ẹ̀rùn tó kọjá, Chitose ṣe ọkàn gírí, ó bi í léèrè nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Isoko ní, "Ó ń wá ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè. Ó máa ń bá mi gbé ẹrù láti ọjà. Mo ń jẹ́ kó gbé e."

"Kí lẹ jọ ń sọ?"

"A kò tíì sọ nǹkan kan."

Chitose kò bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iná pupa ti ń tàn lókè ògiri láti pe àwọn àgbà sí oúnjẹ ọ̀sán, Isoko sì ti ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga.