Ìjàpá Tí Mo Fi Pọ́ǹpù Ẹ̀fọn Kùn

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń kun mọ́tò ní Múṣin, mo bá kúrò ńbẹ̀. Kí ló tún kù tí mo fẹ́ mọ̀? Látàárọ̀ dalẹ́, sáńpépà àti omi ló ń gbé lé mi lọ́wọ́ kí n máa fi ha ara mọ́tò, bí ẹni ń fọ ìdí ìkòkò. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín ọ̀dà rárá. Ó mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Ilé bọ̀ọ̀dá mi ni mò ń gbé ní Àgùdà. Tíṣà ni. Ó ní mọ́tò ìjàpá kan tó ti dógùn-ún débi pé àwọ̀ ẹ̀ ò lórúkọ mọ́. Ní Sátidé, ó fẹ́ gbé e lọ kí bàbá àfẹ́sọ́nà ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo ní kó fi mọ́tò sílẹ̀ fún mi.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ máa lọ kọ́ àwọn ọmọ yín. Ọ̀gá Múṣin gan-an máa wá wò ó."

"Tó bá dáa, mi ò ní dárúkọ iṣẹ́ kíkọ́ létí ẹ mọ́. Tó bá bàjẹ́, wàá padà sọ́dọ̀ ọ̀gá ẹ."

Ní Tọ́sìdé, mo bẹ̀rẹ̀. Mi ò ha ìpẹtà kankan. Tí ọ̀dà bá ti bò ó, ta ló máa rí i? Mi ò ní ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n pọ́ǹpù tí a fi ń fín ẹ̀fọn wà nílé. Mo rọ ọ̀dà búlúù sí i. Kí ọ̀dà má bàa kan gíláàsì àti iná, mo fi ìwé ìròyìn bò wọ́n. Ta ló ń ra téèpù nígbà tí ẹ̀kọ wà? Ẹ̀kọ ni mo fi lẹ̀ ẹ́.

Pọ́ǹpù yẹn ń tutọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n téèyàn bá dúró lókèèrè, ó dán. Mo lọ pe àwọn ọ̀rẹ́ mi wá wòran.

Ìgbà tá a dé, ewúrẹ́ méjì tí ìyá onílé ń sìn ti ń jẹ ẹ̀kọ àti ìròyìn. Ọ̀kan dúró lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, irùngbọ̀n ẹ̀ ti di búlúù. Pátákò àti irun wọn wà nínú ọ̀dà káàkiri.

Bọ̀ọ̀dá mi dé láti ilé ìwé. Ó yí mọ́tò náà po.

"Ṣé ewúrẹ́ náà wà lára iṣẹ́ ọ̀hún?"

Ní Sátidé, bọ́ọ̀sì ló wọ̀ lọ sílé àna. Wọ́n bi í pé mọ́tò ẹ̀ dà, ó ní ó wà lọ́dọ̀ péńtà. Kò kúkú purọ́.

Ní Mọ́ńdè, a wà ní Múṣin. Ọ̀gá fọwọ́ ra bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ta ló kun èyí?"

"Ẹnì kan ní Àgùdà ni, sà."

"Bá mi kí i." Ó gbé sáńpépà àti abọ́ omi fún mi. "Ha gbogbo ẹ̀ kúrò."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ha á, irun ewúrẹ́ àti gbogbo ẹ̀. Ẹ lọ bèèrè ní Múṣin, kò sẹ́ni tó mọ mọ́tò ha tó mi.