Ẹyin Má-fọwọ́-kàn-án

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń fi ẹyin adìẹ ṣe ìwádìí, "Má fọwọ́ kàn án" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó bá mi sọ. Akọ̀wé tuntun ni mí ní ilé ìwádìí náà, mo sì fẹ́ gbé ife omi mi sórí àpótí tí wọ́n fi ń sàba ẹyin. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ pé Má-fọwọ́-kàn-án ni gbogbo ilé ń pè é.

Nígbà tí ọpọlọ ọlẹ̀ inú ẹyin bá ń dàgbà, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó kọ́kọ́ débẹ̀ a máa tú purotéènì kan sílẹ̀. Òun ni ó ń sọ ibi tí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò dúró sí. Bí kò bá sí i, wọn a kàn dà rú mọ́ra wọn. Ohun tí Má-fọwọ́-kàn-án ń wádìí nìyẹn. Ó gé fèrèsé kékeré sára èèpo ẹyin kọ̀ọ̀kan, ó ta oògùn tí ń dí purotéènì náà lọ́wọ́ sínú ìdajì wọn, ó sì fi téèpù bo fèrèsé. Fèrèsé gbọ́dọ̀ kọjú sókè, ó sì kọ "Má fọwọ́ kàn án" sára ilẹ̀kùn àpótí. Èsì àwọn ẹyin yìí nìkan ni ó kù kí ó tó gboyè ọ̀mọ̀wé, àkókò rẹ̀ sì ti ń tán lọ.

Ọ̀gá wa mú àwọn àlejò wọlé lọ́jọ́ kan. Ọmọ olùsìn adìẹ ni ọ̀gá. Yíyí ẹyin ti mọ́ ọn lọ́wọ́ láti kékeré. Bí ó ti ń ṣàlàyé ni ó ń yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí fèrèsé ń dojú bolẹ̀. Nígbà tí Má-fọwọ́-kàn-án fi máa wọlé, omi ẹyin ti ń kán sórí ilẹ̀.

"Ta ló yí ẹyin mi?"

"Èmi ni. Ṣebí adìẹ náà máa ń yí tiẹ̀. Mo bá ọ ṣe é ni."

"Ṣé adìẹ máa ń lẹ téèpù mọ́ tiẹ̀ ni, sà?"

Àlejò kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. "Ẹyin lásán nìyẹn, àbúrò. Lọ ra òmíràn."

"Sẹ́ẹ̀lì tí ò lójú gan-an, tí wọ́n bá ti sọ fún un, á dúró níbi tó yẹ kó dúró. Èmi sì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn."

Ọ̀gá ní bí kò bá tọrọ àforíjì, kó kẹ́rù rẹ̀. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Ẹyin lohùn."

"Tèmi ló kọ́kọ́ fọ́," ó wí. "Kí ọ̀gá náà wá tọrọ tiwọn."

Kò sí ẹni tí ó tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnì kan. Ilé ìwádìí mìíràn ni Má-fọwọ́-kàn-án wà báyìí, ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà láti ìpìlẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ àpótí ẹyin wà.