Òwú Pupa Lára Ẹ̀wà Bánkẹ́

Ìjẹ̀ṣà ni wá, ọmọ òṣómàáàló. Aṣọ ni baba wa ń tà láwìn káàkiri. Bí oníbàárà bá ń yẹ̀ ẹ́, ẹnu ọ̀nà onítọ̀hún ni yóò lóṣòó sí, kò sì ní dìde àfi bó bá gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí ni mo jogún ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Iléṣà. Àbúrò mi, Bánkẹ́ Fásanmí, ló jogún ìlóṣòó.

Ẹ̀wà ló lóṣòó tì ní tirẹ̀. Nígbà tí a wà ní kékeré ní Òṣú, màmá wa ṣí kẹ́ẹ̀gì ẹ̀wà tó fẹ́ gbìn, ìyẹ̀fun ló bá níbẹ̀. Kòkòrò ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Màmá sunkún. Bánkẹ́ ní tirẹ̀ ní òun máa wá ẹ̀wà tí kòkòrò ò ní lè jẹ, a sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Ọmọ tí a fi ṣe yẹ̀yẹ́ yìí ló kàwé títí tó fi di Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ bí ọmọ ṣe ń jogún ìwà àti àwọ̀ òbí, ìbáà jẹ́ ènìyàn tàbí ohun ọ̀gbìn.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Ìdájí ló ń lọ sí oko rẹ̀ nínú yunifásítì kan nítòsí Òṣogbo. Yóò bu lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó ẹ̀wà kan, yóò fi sínú òdòdó òmíràn, bí ẹni ń fẹ́ ìyàwó fún ọkọ. Èyí tó bá ti fún lọ́kọ, á so òwú pupa mọ́ ọn kó má baà ṣì í mú. Ṣọ́ọ̀bù mi ni òwú náà ti ń wá. Àwọn ará ìtòsí rí òwú pupa, wọ́n ní ààlè ni, pé ẹni tó bá já ẹ̀wà Ọ̀jọ̀gbọ́n, ikùn rẹ̀ á wú. Kò sẹ́ni tó jí i rí. Bánkẹ́ á rẹ́rìn-ín, á ní òwú bùọ̀dá òun sàn ju mẹ́gáàdì lọ.

Nígbà tí wọ́n fi í jẹ gíwá yunifásítì náà, inú mi dùn débi pé mo ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan. Mo bi í pé ta ni yóò máa tọ́jú ẹ̀wà. Ó ní òun náà ni. Àti oko ló ti ń bọ́ sí mítìn, tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Lọ́dún kejì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí kò rí yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í sùn nínú kíláàsì. Ejò bu ọ̀kan nínú wọn, Julianah, jẹ níbẹ̀; Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ìjọba fọwọ́ sí owó ilé ibùgbé fún wọn, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ò bá bẹ̀rẹ̀ kí oṣù náà tó parí, owó yóò padà síbi tó ti wá. Ilẹ̀ kan ṣoṣo tó tẹ́jú, tí omi àti ọ̀nà dé, ni oko ẹ̀wà Bánkẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fi í sílẹ̀. Ó rò pé òun á ti kórè, àfi bí òjò ṣe pẹ́ lọ́dún yẹn. Ẹ̀wà ṣì tutù. Irú rẹ̀ kò sì sí níbòmíràn, nítorí àìsí iná ti ba èyí tó kó sí fíríìjì jẹ́.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí kátapílà dé. Zulkifli tó ń wà á, Old Garage ní Òṣogbo ni wọ́n ti gbà á wá. Ó rí òwú pupa, ó pa ẹ̀rọ, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Mọ́mì, Mùsùlùmí ni mí o, ṣùgbọ́n mi ò lè tẹ ààlè mọ́lẹ̀. Mo níyàwó, mo sì bímọ."

Àwọn lébìrà yòókù náà gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀, wọ́n jókòó.

Mo fa Bánkẹ́ sẹ́yìn. "Dákẹ́ jẹ́ẹ́. Jẹ́ kí wọ́n máa bẹ̀rù. Kí wọ́n tó rí ẹlòmíràn mú wá, ẹ̀wà ẹ á ti gbẹ."

"Oṣù á sì ti parí, Bùọ̀dá."

"Owó míì á wá."

Ó wo àwọn kíláàsì tí àwọn ọmọ sá aṣọ sí lójú fèrèsé. Ó padà lọ bá Zulkifli. "Òwú lásán ni. Èmi ni mo so ó, kì í ṣe ààlè."

"Ẹni tó so ó náà ló ń tú u, Mọ́mì. Ẹ tú u."

Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó lóṣòó. Bó bá tú ti ìdí kan tán, á tún lóṣòó sídìí òmíràn, ó ń ká òwú mọ́ ìka. Mo fẹ́ bá a tú u. Bí inú bá ń bí i, èdè ilé ló máa ń bọ́ sí. Ó ní, "Uṣẹ́ mi ni, Bùọ̀dá! Ẹ fi mí sílẹ̀." Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Mo ti rí òṣómàáàló tó lóṣòó kó lè gbà. Mi ò rí èyí tó lóṣòó kó lè fi sílẹ̀ rí, ó sì dùn mí wọ egungun. Nígbà tó tú èyí tó kẹ́yìn, ó ní, "Ó yá, ọmọ mi, wọlé." Zulkifli dọ̀bálẹ̀ fún un kó tó gun ẹ̀rọ.

Ilé náà ti dúró, àwọn ọmọ sì ń gbé ibẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ni Bánkẹ́ parí sáà rẹ̀, ó padà sí Òṣú. Ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun mú òwú pupa wá. Mo gbé odidi páálí kan lọ, mo bá a lẹ́yìn ilé ìdáná màmá wa, ó ti kọ ebè síbẹ̀ láti tún ẹ̀wà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó wo páálí, ó ní ó ti pọ̀ jù fún ọjọ́ orí òun, pé rólù kan ti tó.

Inú bí mi. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí yìí, mo lóṣòó sáàárín ebè, mo ní mi ò ní dìde àfi bó bá gba gbogbo rẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀. Ó gbà á.