Ẹja Tó Gbé Omi Lọ Sókè

N kò tíì rí ẹni tó rí Antoine kó jókòó jẹun tán. Bó bá bu òkèlè kan, á dìde lọ wo nǹkan. Kó tó bu èkejì, ó ti dé etí títì. Géraldine, ìyàwó rẹ̀, ti bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú u. Táyà ni Antoine ń lẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò kan ní àdúgbò Plateau nílùú Savè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó lọ sí Parakou, òun àti ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Táyà nìkan sì ni iṣẹ́ tó máa ń parí. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kún fún ohun tó bẹ̀rẹ̀ tó sì pa tì: ẹ̀rọ tí ì bá máa fọ́ kajú, kẹ̀kẹ́ tí ì bá máa lọ àgbàdo, àga tí ì bá máa yí. Ẹ má bi mí ohun tí àga fẹ́ yí fún.

Ṣùgbọ́n àìfarabalẹ̀ ti ọdún yìí yàtọ̀. Ní oṣù Kejìlá, oníṣègùn ojú kan wá sí Savè, ó wo ojú Ìyábọ̀dé, ìyá Antoine. Ó ní ti òsì ti lọ. Ó ní ti ọ̀tún náà ń lọ, bóyá kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, àti pé kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè dá a dúró. Ìyábọ̀dé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bi í bóyá ó ti jẹun. Antoine ló lọ dúró sẹ́yìn ògiri tó ń sunkún.

Ohun kan wà láàárín òun àti ìyá rẹ̀ láti kékeré. Ìyábọ̀dé máa ń sọ ìtàn fún un pé lọ́dún kan odò Okpara gbẹ, ẹja ń kú. Ẹja kan wá gbé ìwọ̀nba omi tó ṣẹ́ kù mì, ó hu ìyẹ́, ó gbé omi náà lọ sókè, kí ojú ọ̀run lè rántí bí omi ṣe ń rí. Gbogbo ìgbà ni Antoine máa ń béèrè ohun kan náà.

"Irú àwọ̀ wo ni ìyẹ́ rẹ̀?"

"Pupa ni."

"Ìpẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Fàdákà ni. Sùn."

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tó ṣèlérí pé òun á ṣe ẹja náà, á sì fò níṣojú ìyá òun. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì báyìí, kò tíì ṣe é, ojú tó yẹ kó wò ó sì ti ń lọ.

Ó ti rí fúsè lórí fóònù, ohun ṣóńṣó gígùn tí wọ́n ń fi iná tì lọ sójú ọ̀run. Ó ní ẹja òun á lọ bẹ́ẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa nǹkan kiri Savè. Ìgò ike ńlá méjì tí àwọn èrò bọ́ọ̀sì jù sílẹ̀ ló fi ṣe ikùn. Ààbọ̀ bọ́ọ̀lù tó ti ya ló fi ṣe imú. Agboòrùn pupa kan tí atẹ́gùn ọyẹ́ ti ṣẹ́ di ìyẹ́, tòun ti irin tín-ín-rín inú rẹ̀. Ó lọ bẹ Agnès tó ń ta kọfí nítòsí ojú irin pé kó máa fi àpò wàrà òfìfo pamọ́ fún òun, torí inú wọn ń dán bíi fàdákà. Ó gé wọn ní ìpẹ́, ó lé ní igba. Bọ́tìnnì ńlá méjì ló fi ṣe ojú. Géraldine ń wá bọ́tìnnì wọ̀nyẹn kiri inú ilé.

"Bàbá Laure, kí lẹ̀ ń ṣe gan-an?" Géraldine bi í. Laure ni àkọ́bí wọn.

"Ẹja ni. Ó máa fò."

Géraldine wò ó, ó wo ẹ̀rọ kajú tó ti dípẹtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì padà wọlé. Ìwò yẹn dun Antoine ju èébú lọ.

Ohun tí yóò tì í lọ sókè ló kù. Ó lọ bẹ ọdẹ kan létí odò Okpara fún ẹ̀tù ìbọn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, oṣù Kejì la wà o, ìgbà tí ewé kajú ń fọ́ wórówóró lábẹ́ ẹsẹ̀. Antoine gbọ́n títí, kò rántí pé oko kajú Moussa, aládùúgbò rẹ̀, ló wà lẹ́yìn ilé òun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó ki ẹ̀tù bọ páìpù kékeré kan, kó kàn dán an wò. Páìpù náà kò gòkè. Ẹ̀gbẹ́ ló fò gbà, ó wọ inú koríko, koríko sì gbiná.

Òun àti Moussa fi ẹ̀ka tútù lu iná náà títí apá wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Igi kajú mẹ́ta ló jó. Lọ́dún tó kọjá, iná ìgbẹ́ ti jẹ ìdajì oko Moussa, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ládùúgbò.

Moussa kò pariwo. Ó nu ojú rẹ̀, ó mí títí ọkàn rẹ̀ fi wálẹ̀. "Antoine, ọlá ìyá rẹ lo jẹ lónìí. Bí mo bá tún rí iná lọ́wọ́ rẹ kí òjò tó dé, èmi fúnra mi ni n ó fi ẹsẹ̀ tẹ ẹja yẹn fọ́."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n." Ojú ti Antoine débi pé kò lè gbé orí sókè.

Kí òjò tó dé. Ohun tí Moussa sọ nìyẹn, òun náà sì ni oníṣègùn sọ. Bí kò bá sí iná, ẹja kò ní fò; bó bá dúró de òjò, ìyá rẹ̀ á ti fọ́jú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Antoine fi ń rìn lọ rìn bọ̀, bí ẹni tí ìjàlọ wọ ní ṣòkòtò. Ó lẹ táyà oníbàárà kan níbi tí kò jò, ó sì fi ibi tó jò sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyábọ̀dé jókòó níwájú ilé, ó ń fi ìka ṣa ẹ̀wà. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ tó lọ, tó bọ̀, tó tún lọ.

"Antoine, dúró síbì kan. O ń jẹ́ kí òòyì kọ́ mi."

Antoine dúró, ó sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un: ẹja, ẹ̀tù, iná, ọ̀rọ̀ Moussa.

"Iná kẹ̀?" Ìyábọ̀dé fi ẹ̀wà sílẹ̀. "Ta ló sọ fún ọ pé iná wà nínú ìtàn mi? Omi ni ẹja yẹn gbé mì. Àwọ̀, àwọ̀ ṣáá lo máa ń bi mí, o kò fetí sí èyí tó kù."

Antoine yíjú sẹ́yìn. Lábẹ́ igi máńgòrò, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń kùn. Ogún ọdún ló ti ń fi afẹ́fẹ́ jẹun. Ó mọ̀ dájú pé bí èèyàn bá fẹ́ afẹ́fẹ́ lé omi lórí nínú ìgò títí tó fi kún, tó wá tú ẹnu rẹ̀ lójijì, omi á tú jáde, ìgò á sì fò lọ. Òun yìí náà ló fẹsẹ̀ rìn dé Okpara lọ tọrọ ẹ̀tù. Ó bú ara rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, kí ìyá rẹ̀ má baà gbọ́.

Ó gé ẹnu rọ́bà inú táyà alùpùpù kan, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ó fi dí ẹnu ìgò tó wà nídìí ẹja náà. Ó tú bíréèkì lára kẹ̀kẹ́ tí ì bá máa lọ àgbàdo, kó lè máa fi okùn rẹ̀ fa ìdè ẹnu ìgò náà tú láti òkèèrè. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe é. Ní ọjọ́ kẹta, Ìyábọ̀dé bu omi tíì sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀bù. Ó ní ọwọ́ òun ló gbọ̀n. Antoine mọ̀ pé ọwọ́ ìyá òun kì í gbọ̀n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó gbé ẹja náà lọ sórí àpáta pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn ilé. Ó fi táyà àtijọ́ méjì ṣe ìjókòó, ó mú ìyá rẹ̀ jókòó sórí ọ̀kan. Géraldine dúró, ó ká ọwọ́ gbera. Moussa náà wá, ó gbé garawa omi dání. Ó ní ìfura lòun ń ṣe.

"Ìyá, ibí ni kí ẹ wò." Antoine di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó nà án sí ọ̀kánkán ẹja.

Ó bu omi sínú ẹja náà, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí ike náà fi le bí òkúta. Ó fa okùn. Ẹja náà súfèé, ó sì lọ. Ó kọjá orí igi máńgòrò, ó kọjá oko kajú Moussa, ìyẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, gbogbo ìpẹ́ rẹ̀ gba oòrùn. Moussa gbàgbé garawa lọ́wọ́. Géraldine fọwọ́ bo ẹnu.

Antoine kò wo ẹja náà pẹ́. Ìyá rẹ̀ ló wò. Ìyábọ̀dé ṣì kọjú sí ibi tí ariwo ti bẹ̀rẹ̀, nílẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere, kò sì yí i sókè rárá. Antoine mọ̀ nígbà náà pé ojú ọ̀tún náà ti lọ, pé ọjọ́ tí òun fi ń wá iná kiri ló jẹ́ kó pẹ́ jù. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an.

Atẹ́gùn wá fẹ́ omi tó tú jáde nínú ẹja náà sórí wọn. Ìyábọ̀dé fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó tutù. Ó tọ́ ìka rẹ̀ wò.

"Omi rẹ̀ nìyí?"

"Òun ni, Ìyá."

"Ó ń rùn bíi táyà."

Moussa lọ gbé ẹja náà wá láti abẹ́ kajú, ìyẹ́ rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Ó rọra gbé e lé Ìyábọ̀dé lẹ́sẹ̀. Ìyábọ̀dé fi ìka tọ ìpẹ́ rẹ̀ lọ, láti imú dé ìrù, bó ṣe máa ń ṣa ẹ̀wà.

"Antoine."

"Ìyá."

"Irú àwọ̀ wo ni ìyẹ́ rẹ̀?"

Antoine sún mọ́ ọn. Ó jókòó sórí táyà kejì.

"Pupa ni," ó wí.

"Ìpẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

Ló bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgò tí èrò bọ́ọ̀sì jù sílẹ̀, ó sọ ti àpò wàrà Agnès, ó sọ ti agboòrùn. Nígbà tó dé orí bọ́tìnnì, Géraldine gbọ́, ó sì mú un mọ́ra. Létí títì, oní-zémidjan kan tó ń fi alùpùpù gbé èrò, tí táyà rẹ̀ ti bẹ́, ń tẹ fèrè, ó tún tẹ̀ ẹ́. Antoine kò dìde.