Ọta Òjé Tó Ní Etí

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tí òórùn yíǹkì kò tíì kúrò lára ìwé-ẹ̀rí tí mo gbà ní yunifásítì, mo dé ìlú Turin ní ilẹ̀ Ítálì. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ ní láti tò sórí ìlà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń pe ilé. Ẹ̀yin ọmọ tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Ìtàn ọta ìbọn ni mo fẹ́ sọ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ fọkàn balẹ̀, ẹnikẹ́ni kò kú nínú rẹ̀. Èmi nìkan ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, ẹ̀rù ló sì fẹ́ pa mí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé irú ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà. Ojo ni mí. Bí ẹnì kan bá kí mi ní "buongiorno" lówùúrọ̀, màá rò ó títí di ọ̀sán bóyá ìbínú ló wà nínú ohùn rẹ̀ ni tàbí òtútù ló mú un. Bí inú mi bá dùn, ẹ̀rù á bà mí pé ó ti dùn jù. Bí inú mi bá bàjẹ́, ojú á tì mí, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan wà nílé tó ń gbààwẹ̀ kí wọ́n lè dé ibi tí mo wà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gbé ọkàn mi kiri bí ẹni gbé ẹyin.

Iṣẹ́ tí mo rí ni títọ́jú bàbá arúgbó kan tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wa ọkọ̀ tíráàmù. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo sì ń gbé ní òdìkejì ìlú. Ọwọ́ bàbá náà ti ń gbọ̀n, kò lè kọ̀wé mọ́. Ó ní kí n máa pe òun ní orúkọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu mi pe orúkọ ẹni tó lè bí bàbá mi? Mo ń pè é ní "Papà". Ó ní òun kọ́ ni bàbá mi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Papà." Òun náà gbẹ̀san: nítorí pé ẹni tó bá ti gboyè ní yunifásítì ní Ítálì, "dottore" ni wọ́n ń pè é, ó bẹ̀rẹ̀ sí pe èmi tí mò ń fọ abọ́ rẹ̀ ní dottore. Ọjọ́ tí àǹtí mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ gbọ́ ọ, ó lọ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé mo ti di dókítà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, màmá àgbà kan wá fi orúnkún rẹ̀ hàn mí.

Fàájì kan ṣoṣo ni bàbá yìí ní láyé: ó ń da ọta ìbọn nínú ilé. Ó ní ìbọn àtijọ́ kan, irú èyí tí wọ́n ń kì láti ẹnu, àti ìwé àṣẹ rẹ̀ tó fi sínú férémù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìyàwó rẹ̀. Bébà alámì róbótó nìkan ló ń yìnbọn sí ní pápá àwọn ayìnbọn. Kò pa ẹyẹ rí. Ó ní ẹyẹ kò ṣe òun ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọta tí wọ́n ń tà lọ́jà kò bá ìbọn rẹ̀ mu, nítorí náà ó ní stampo tirẹ̀, ìyẹn irin méjì tó pa ẹnu pọ̀ bí awẹ́ obì, tí ó ń da òjé yíyọ́ sí àárín rẹ̀.

Èmi ni mo ba stampo yìí jẹ́. Mo bá a nínú ibi ìfọbọ́ lọ́jọ́ kan, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: ìkòkò tí inú rẹ̀ kò bá dán, àbùkù ìyá tó bí ọmọ ni. Mo mú irin ìfọkòkò, mo kó ọṣẹ sí i, mo ha stampo náà tinú-tòde títí tó fi ń kọ mọ̀nà bí ìgò. Mo ti ń retí kí ó yìn mí. Bàbá gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó pa awẹ́ méjèèjì pọ̀, wọn kò pàdé mọ́. Kò pariwo. Ó kàn jókòó. Èmi ni mo bú sẹ́kún, mo sunkún tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé òun ló lọ bu omi wá fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ẹkún náà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún yẹn, ìjọba ní kí gbogbo ẹni tí kò níwèé, tí ọ̀gá rẹ̀ bá lè fọwọ́ sí i pé ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ òun, wá gba permesso, ìwé ìgbélùú. Bàbá ti ní òun yóò fọwọ́ sí tèmi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń lọ, oṣù ń parí lọ, n kò sì gbọ́ nǹkan kan. Kí n béèrè kẹ̀? Ọmọdé kì í bi àgbà pé "ṣé ẹ ti ṣe ohun tí ẹ sọ?" Ó dà bí ẹni pé mo ń pè é ní opùrọ́. Mo wá dákẹ́, mo ń wo ojú rẹ̀ lójoojúmọ́ bí ẹni ń wo ojú ọ̀run lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìdíje àwọn àgbà ayìnbọn ku oṣù kan. Bàbá mú ọta kan tó kù, ó fi áńkáṣífù wé e, ó ní, "Dottore, wá ẹni tó lè gbẹ́ stampo mìíràn tó bá èyí mu. Èmi kò lè kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ìwọ mọ ọ̀rọ̀ sọ." Nínú ọkàn mi, mo gbọ́ ohun tí kò sọ: bí o kò bá rí i, gbàgbé ìwé rẹ.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá ní Turin ní òun kì í ṣe ẹyọ kan, àyàfi tí a bá fẹ́ ẹgbẹ̀rún kan. Ní Asti, ẹni tó ṣe ti àkọ́kọ́ ti kú, ọmọ rẹ̀ sì ti sọ ilé iṣẹ́ náà di ibi tí wọ́n ti ń fi wáìnì sínú ìgò. Ó fún mi mu. Mo ní n kì í mu ún, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́, mo mu ún, mo sì fi gbogbo ọ̀nà padà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Nígbà tí mo délé, àǹtí mi ti rí ọta náà nínú àpò ṣòkòtò tí mo pààrọ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta lo fẹ́ pa?"

"Àǹtí, iṣẹ́ bàbá ni."

"Bàbá wo? Bàbá tó wà lọ́run ò rán ẹnikẹ́ni ní irú iṣẹ́ yìí o!"

Ó da òróró àdúrà sí i lórí, ó gbàdúrà sí i fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó tó dá a padà fún mi. Láti ọjọ́ náà ni ọta ọ̀hún ti ń yọ̀ lọ́wọ́.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Verona. Ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo kí i dáadáa, mo tẹ̀ ba díẹ̀ nítorí pé ó dàgbà jù mí lọ, mo ki ọwọ́ bọ inú kóòtù, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì na ọta náà sí i bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Kò tíì yé mi ohun tó ṣẹlẹ̀ títí tí mo fi rí i pé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè. Ó ní, "Prendi tutto!" Kí n máa kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lọ. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí, ẹ̀rù mi ń bà á, èmi náà bá gbé ọwọ́ tèmi sókè. A dúró bẹ́ẹ̀. Ọta já bọ́, òróró gbé e, ó yí lọ sábẹ́ ẹ̀rọ. Àwa méjèèjì la jọ dọ̀bálẹ̀ wá a. Nígbà tí a rí i, ó ní òun kò ṣe é, kí n jọ̀ọ́ kí n máa lọ.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Padua ni mo ti rántí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, kí a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo pinnu pé n kò ní dárúkọ ìbọn mọ́. Màá ní òjé àwọ̀n ẹja ni, èyí tí apẹja ń so mọ́ àwọ̀n kó lè rì sómi. Mo rò ó wò, ó dùn mọ́ mi nínú, mo tilẹ̀ rò pé ọgbọ́n yunifásítì ló dé.

Ní Padua, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin wa kan tó ń ta gàrí àti epo. Ó gbọ́ ìtàn àwọ̀n mi, ó wo ọta náà, ó wò mí.

"Àbúrò, o ti wá di apẹja? Ìwọ tí o ní láti Ìgbòho lo ti wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹja wo ló wà ní Ìgbòho?"

Ní tòótọ́, omi tó pọ̀ jù tí mo rí kí n tó kúrò nílé ni àgbàrá òjò. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀rọ tó fi ń lọ ẹ̀wà àkàrà hàn mí. Irin inú rẹ̀ ti fọ́ rí, kò sì sí irú rẹ̀ ní gbogbo Ítálì, àfi ìgbà tí ìyá kan ní Udine gbẹ́ òmíràn fún un. Ó júwe ilé ìyá náà fún mi.

Mo dé Udine. Ìyá náà ti dàgbà, epo ẹ̀rọ sì wà ní èékánná rẹ̀. Ó yí ọta náà lọ, ó yí i bọ̀.

"Òjé àwọ̀n? Ó jọ ọta ìbọn lójú mi."

"Signora, bí tiwa ṣe máa ń rí nílé nìyẹn."

"Ọ̀gá rẹ, odò ló ti ń pẹja ni, tàbí òkun?"

"Odò ni, mà. Ẹja ńlá ni."

Ojú rẹ̀ bá tàn. Ó ní apẹja ni ọkọ òun kó tó kú, òun yóò fi ọkàn ṣe é. Ojú tì mí débi pé mo gbá ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí n tó kúrò. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, mo padà lọ gba ẹrù náà, ó ti fi bébà wé e, ó fi okùn dì í. Ẹ̀yin náà á bi mí pé, ṣé mo tú u wò? Rárá. Ẹrù àgbà kọ́? Ẹni tí wọ́n rán kì í tú ẹrù lójú ọ̀nà. Mo gbé e sórí itan láti Udine dé Turin bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Lọ́jọ́ náà, ìdíje ku ọ̀la. Bàbá tú u ní ilé ìdáná. Ó dán gbinrin. Ó yọ́ òjé lórí fàràńdà, ó dà á, ó ṣí i. Ọta àkọ́kọ́ jáde, ó pé pérépéré, bí ó ṣe yẹ gẹ́lẹ́, àmọ́ ó ní etí lórí. Òrùka kékeré tí okùn àwọ̀n lè gbà kọjá. Ní ìdí rẹ̀, ìyá náà ti gbẹ́ àwòrán ẹja kékeré kan sí i fún ẹwà.

Bàbá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí tirẹ̀ bí yẹtí. "Dottore," ó ní, "kí nìyí?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí táìlì. Bàbá rò pé mo dákú ni. "Dottore! Dottore!" Ó sáré wá ọtí kíkan fún mi láti fín, ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé mi, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, òun náà bá jókòó pẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Níbẹ̀ ni mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún un: Verona, Udine, ẹja ńlá.

"Kí ló dé tí o parọ́?"

"Ẹ̀rù bà mí, Papà. Mo rò pé bí n kò bá rí i, ẹ kò ní fọwọ́ sí ìwé mi."

"Ìwé wo? Èyí tí mo fọwọ́ sí lọ́jọ́ tí o ba stampo mi jẹ́?"

Mo gbórí sókè. Ó ní lálẹ́ ọjọ́ náà ni òun pe ọmọ òun wá, nítorí pé ẹni tó lè sunkún bẹ́ẹ̀ nítorí irin kò ní fi òun sílẹ̀. Ọmọ náà ti gbé e lọ sí Questura, ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó ń gba ìwé ìgbélùú, wọ́n ti gbà á, rìsíìtì rẹ̀ wà lábẹ́ rédíò. Rédíò tí mò ń nù lójoojúmọ́! Mo máa ń rí etí ìwé náà, n kì í fà á yọ, nítorí n kì í ka ìwé àgbà.

"O ò ṣe sọ fún mi, Papà?" Ìbẹ̀rù jẹ́ kí n gbàgbé láti fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀.

"O ò béèrè," ó ní. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, èmi náà ń sunkún, ẹni tó bá wọlé kò ní mọ èwo ni èwo.

Gbogbo ọjọ́ náà ni mo fi ń fi fáìlì gé etí ọta kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kejì, Bàbá ṣe ipò kejì láti ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn arúgbó ẹgbẹ́ rẹ̀ rí ẹja ní ìdí ọta rẹ̀, gbogbo wọn pa ìdíje tì, wọ́n ń béèrè ẹni tó ṣe é. Ó nàka sí mi, ó ní, "Ẹ bi dottore mi."

Bàbá ti sùn, ó ti pẹ́. Mo dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, níbi òkú rẹ̀, nítorí pé ó ti ń bẹ̀ mí. Lóde òní, ẹ̀yin yóò tẹ fóònù, ẹni tó ń gbẹ́ irin ní Udine yóò jáde pẹ̀lú àwòrán rẹ̀, ẹrù yóò sì bá yín nílé. Ẹ kò ní mọ Asti, ẹ kò ní rí ọkùnrin kan tó gbé ọwọ́ sókè nítorí ìkíni. Mo tọ́jú ọta kan tí n kò gé etí rẹ̀, òun ni mo so mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé mi. Ọmọbìnrin mi bi mí nípa rẹ̀ láìpẹ́ yìí, mo sọ ìtàn náà fún un látòkèdélẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Papà, ma perché non gliel'hai chiesto?" Kí ló dé tí n kò béèrè?

Tẹ́lẹ̀, bí ọmọ yìí bá da ìbéèrè bò mí báyìí, inú máa ń bí mi, màá ní kò ní ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ náà, mo wo òjé elétí tó wà lọ́wọ́ mi. Mo ní kó jókòó, kó béèrè èyí tó kù.