Oyèrónkẹ́ Pín Ẹ̀bi Bọ́ọ̀lù Bí Ẹni Ń Pín Ẹran

Aránṣọ ni Oyèrónkẹ́ ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ márùn-ún ló bí. Mẹ́rin ti kúrò nílé, ó wá ku àbíkẹ́yìn, Ànúolúwa, tó wà ní kíláàsì kẹta girama lọ́dún 1988 yẹn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí wọ́n ń lọ, òun ni akọ̀wé ìran. Bí ẹ̀mí bá gbé aríran, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn, Oyèrónkẹ́ ni yóò máa fi bírò sá tẹ̀ lé e, gbólóhùn kan kò sì ní bọ́ sílẹ̀. Ó mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n kọ. Ká sòótọ́, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun tó gbé e dé ìdí sọ́fítíbọ́ọ̀lù nìyẹn. Tíṣà Adéníyì, tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé Ànúolúwa ní eré náà, ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tí yóò máa kọ ìwé eré. Ó wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí àpótí, ó sì ṣàlàyé. Ọmọ kan á dúró láàárín pápá, á máa ju bọ́ọ̀lù. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á lóṣòó lẹ́yìn ẹni tó gbé igi ìgbábọ́ọ̀lù dání, á máa fi ìbọ̀wọ́ awọ hán an. Bí bọ́ọ̀lù bá kọjá ẹni tó ń hán an, tí ọ̀tá tó wà lórí bèésì, ìyẹn ibùdó tí wọ́n ń sá dé, sì rí àyè sáré síwájú, ìwé gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó jẹ̀bi.

“Kò le rárá, Mà,” ni Tíṣà wí. “Bí bọ́ọ̀lù bá nalẹ̀ kó tó dé, tàbí tó fò kọjá ibi tí ọwọ́ lè tó, ẹ kọ W. Ẹ̀bi ẹni tó jù ú nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ó wọ ọwọ́ kó tó bọ́, ẹ kọ P. Ẹ̀bi ẹni tó yẹ kó hán an nìyẹn. Èyí tó bá sì nalẹ̀, ẹ bá mi fa ìlà kékeré sábẹ́ rẹ̀, kí n lè rí i nígbà tí mo bá ń kọ́ wọn.”

“Ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?”

“Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Tíṣà, èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ áńgẹ́lì sílẹ̀!”

Áńgẹ́lì kì í ṣe ọmọ rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ànúolúwa gan-an ni ajùbọ́ọ̀lù. Bushrah, ọmọ Marufat tó ń ta òwú ìránṣọ ní Ọjà Igbó, ló ń hán an. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n dán eré wò láàárín ara wọn, bọ́ọ̀lù mẹ́ta nalẹ̀, Oyèrónkẹ́ sì kọ W mẹ́ta sórí bébà ọ̀tọ̀ láìwojú ẹnikẹ́ni. Ó dé ilé, ó bu oúnjẹ fún ọmọ, ọmọ ò jẹ.

“Kí ló ṣe ọ́?”

“Kò sí nǹkan kan, Mà. Àwọn ìyá ẹlòmíràn máa ń gbè sẹ́yìn ọmọ wọn ni.”

Ó dun Oyèrónkẹ́. Ó gbàdúrà sí i. Lẹ́yìn àdúrà, ọgbọ́n kan sọ sí i lọ́kàn, ó sì rò pé láti òkè ni ó ti wá. Ta ni kò mọ̀ pé bí ọmọ méjì bá jà nínú agbo ilé, àgbà tó gbọ́n kì í tú ọ̀rọ̀ dé ìdí? Á bá tibí wí, á bá tọ̀hún wí, wọn a sì jọ lọ jẹun. Láti ọjọ́ náà, bí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ bá kọjá, W. Èkejì, P. Ẹ̀kẹta, W. Ẹ̀kẹrin, P. Kò gbè sẹ́yìn ọmọ tirẹ̀, kò sì yan ọmọ ọlọ́mọ jẹ. Ó ń wo ìwé náà bí ẹni ń wo kólà ẹ̀wù tó gún régé. Ìlà tí Tíṣà ní kó máa fà, ó ń fà á déédéé, torí pé akọ̀wé rere kì í gbàgbé nǹkan.

Marufat nìkan ló bá a sọ ọ́, lọ́jọ́ tó lọ ra òwú.

“Màmá Ànúolúwa, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ní iyanrìn ni bọ́ọ̀lù ń dà sí òun lójú. Kí ló dé tí ìwé ní òun ló ń jẹ̀bi?”

“Ẹ fọwọ́ wọ́nú, Ìyá Bushrah. Eré ọmọdé ni.”

“Eré ọmọdé ni lóòótọ́. Ojú ọmọdé kọ́ ni iyanrìn ń wọ̀?”

Oyèrónkẹ́ rẹ́rìn-ín, ó mú òwú dúdú méjì àti funfun kan, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìgbà tó di oṣù kẹta, wọ́n kó wọn lọ sí Ọ̀yọ́ láti bá àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣeré ní pápá ilé-ìwé kan tí kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán. Ọ̀gbẹ́ni Fọlábí wá láti Ìbàdàn. Ahánbọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló ń wá tí yóò bá ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ lọ síbi ìdíje. Àwọn méjì ló dùn mọ́ ọn nínú: Bushrah, àti Títílọlá ọmọ Ọ̀yọ́. Eré parí, ó ní kí wọ́n kó ìwé eré gbogbo ọdún náà wá.

Bushrah jókòó sórí koríko, eruku kún ìpéǹpéjú rẹ̀. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó di ìborùn rẹ̀ mú ṣinṣin.

“Ti Títílọlá, P mẹ́ta,” ni Ọ̀gbẹ́ni Fọlábí wí. Ó ṣí ìwé Oyèrónkẹ́. “Ti Bushrah, P méje. Háà, méje pọ̀ o.” Ó tún ṣíwèé padà sẹ́yìn. “Ẹ gbà mí o! Ajùbọ́ọ̀lù, W méje. Ahánbọ́ọ̀lù, P méje. Ọjọ́ yìí, méjì-méjì. Ọjọ́ yìí, mẹ́ta-mẹ́ta. Màmá, ṣé bọ́ọ̀lù lẹ̀ ń kọ ni àbí ẹran lẹ̀ ń pín?”

Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Oyèrónkẹ́ náà rẹ́rìn-ín.

“Kí ni ìlà abẹ́ wọn yìí wà fún?”

Oyèrónkẹ́ lè sọ pé bírò ló ta sí i. Ẹnu rẹ̀ tiẹ̀ ti ń là. Tíṣà Adéníyì ń bọ̀ láti ìdí mọ́tò, kò tíì dé ibi tó ti lè gbọ́. Oyèrónkẹ́ wojú Bushrah, ó wojú ìwé. Gbogbo W Ànúolúwa ló ní ìlà lábẹ́. Nínú P méje Bushrah, mẹ́rin ní ìlà lábẹ́. Bọ́ọ̀lù mẹ́rin nalẹ̀, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé ó nalẹ̀, ó sì tún fi ọwọ́ kan náà kọ ọ́ sí ọmọ tí iyanrìn bò lójú lọ́rùn. Akọ̀wé áńgẹ́lì!

“Èyí tó bá ní ìlà lábẹ́, bọ́ọ̀lù rẹ̀ nalẹ̀ ni,” ló wí. Ohùn rẹ̀ kéré. “Kì í ṣe ẹ̀bi Bushrah. Ẹ̀bi ọmọ tèmi ni. Èmi ni mo pín in.”

“Ẹ pín in?”

“Mo pín in, sà. Ẹ má bínú.”

Ọ̀gbẹ́ni Fọlábí yọ mẹ́rin kúrò nínú méje. “Ó ku mẹ́ta. Títílọlá mẹ́ta, Bushrah mẹ́ta.” Ó yọ fìlà, ó họ orí. “Ó wá dọ́gba. Títílọlá sì ga jù ú lọ...”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, méjì ni ti Bushrah.”

Ànúolúwa ni. Ó ti dìde, ó di ìbọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́ àyà.

“Èyí tí mo jù lọ́jọ́ tí òjò pa wá, orí Bushrah ló fò kọjá. Ó fò sókè, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o. Kò nalẹ̀, ìdí nìyẹn tí Màmá ò fi fa ìlà sí i. Èmi ni mo jù ú bẹ́ẹ̀, sà.”

Tíṣà Adéníyì, tó ti dé wàyí, ní bẹ́ẹ̀ ni, òun rántí rẹ̀, ògiri ló dá a dúró. Oyèrónkẹ́ náà rántí. Ó ti rántí tipẹ́. P ló kàn lọ́jọ́ náà, ó sì kọ P.

Ọ̀gbẹ́ni Fọlábí kọ orúkọ Bushrah sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Ànúolúwa. “Ìwọ, W méjìlá. O lágbára, ṣùgbọ́n o ò tíì mọ ibi tí ò ń jù ú sí. Kọ́ ọ dáadáa, kí o padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Marufat kò dúpẹ́, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú ọmọ rẹ̀, ó nu ìpéǹpéjú, ó nu etí, ó ń nù ún bí ẹni pé Ìbàdàn ló fẹ́ lọ lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yìn mọ́tò ni Ànúolúwa àti Bushrah jókòó sí, tí wọ́n ń jẹ ọsàn, tí wọ́n ń ju hóró sí ara wọn. Oyèrónkẹ́ yíjú padà.

“Ànú, o mọ̀ láti ọjọ́ yẹn, o ò sọ fún mi?”

Ọmọ náà tu hóró ọsàn sí àtẹ́lẹwọ́.

“Màmá, ẹ̀yin kọ́ lẹ̀ ń kọ̀wé ni?”

Oyèrónkẹ́ yíjú sí iwájú, ó mú bírò, ó sì sọ P márùn-ún inú ìwé eré náà di W kí wọ́n tó wọ ìlú.