Ìkòkò Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Tí Mo Ṣe Àlùwàlá Fún

Ẹ wá ibi tó tutù jókòó sí, ẹ̀yin ọmọ mi, kẹ́ ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lójú oòrùn. Ọ̀rọ̀ ìgbà tí Òyìnbó ṣì ń jọba lé wa lórí ni mo fẹ́ sọ, nígbà tí ibi tí ilé-iṣẹ́ ti ń tú èéfín lónìí ní Ṣàngó ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́.

Ìyàwó tuntun ni mí ní Ọ̀tà. Ilé ìmàle ni wọ́n ti bí mi. Ọtí ò wọ ẹnu ọ̀nà wa rí. Ṣùgbọ́n ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ títà ni ìyá ọkọ mi fi tọ́ àwọn ọmọ ẹ̀. Òun ló máa ń rẹ àgbàdo, tá á jẹ́ kó hù, tá á sá a, tá á lọ̀ ọ́, kó tó sè é. Lọ́dún yẹn, làkúrègbé dè é mọ́ ẹní. Òjò ti ń ṣú, imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n fi bo yàrá ẹ̀ sì ti jẹrà. Ọkọ mi bẹ ọ̀wẹ̀, pé káwọn ọ̀rẹ́ òun wá bá òun bo ilé. Ọ̀wẹ̀ ò gbowó, ọtí ló ń gbà. Bí ọtí ò bá sí, ilé ẹlòmíràn ni wọ́n ń lọ, òjò á sì bá Ìyá lórí ẹní.

Ni sísè bá bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ìkòkò àkọ́kọ́, mo sè é, mo sẹ́ ẹ, mo dé e pa bí ẹni dé ọbẹ̀, mo ní kó fúnra ẹ̀ tutù mọ́jú. Ilẹ̀ mọ́, ó ti kan gógó. Àgùntàn gan-an gbóòórùn ẹ̀, ó yíjú padà.

Ìyá ò bínú. Ó ní, “Ìyàwó mi, omi ọtí tó bá pẹ́ nínú ooru, nǹkan mìíràn á ti bà á jẹ́ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó débẹ̀.” Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ìsàlẹ̀ ọtí àtijọ́ tá à ń dà sí tuntun kó lè hó. “Tó o bá sì dà á sí i nígbà tó ṣì gbóná, o ti sè é pa nìyẹn. Kíá ni kó tutù.”

“Báwo ni, Màámi?”

“Èmi, mo máa ń gbé e lọ sódò. Ìwọ ò lè gbé ìkòkò yẹn. Wá ọgbọ́n tìrẹ.”

Àgbàdo tó kù ò ju ti ìkòkò kan lọ, ọ̀wẹ̀ sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo gbé ìkòkò amọ̀ sínú ọpọ́n fífẹ̀, mo sẹ́ omi ọtí gbígbóná sínú ẹ̀, mo fi aṣọ tútù wé e lára. Mo wá mú kẹ́tù tí mo fi ń ṣe àlùwàlá, mo ń da omi kànga sí i lára, yí ká, yí ká. Tí omi inú ọpọ́n bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo gbọ́n ọn nù, mo bu òmíràn.

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ti oko dé bá mi.

“Ẹ gbà mí o! Ìyàwó ń ṣe àlùwàlá fún ọtí! Ṣé ó fẹ́ kírun ni?”

“Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pọnmi.”

“Kí n pọnmi? Tó bá ṣe díẹ̀ sí i, wàá ní kí n wá pe ìrun fún un.”

Ìyá ké látinú yàrá: “Ìwọ ẹlẹ́nu bí abẹ yìí, pọnmi fún un! Àbí ìwọ lo máa gba òjò sórí fún mi?”

Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pọn. Nígbà tó yá, ó gba kẹ́tù lọ́wọ́ mi. “Mú un wá. O ò da ẹ̀yìn ibí dáadáa. Àlùwàlá ẹ ò pé.”

Mi ò lè tọ́ ọ wò, nítorí náà mo kán an sí ìgbọ̀nwọ́ mi, bá a ṣe ń dán omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun wò. Kò jó mi. Mo da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí i. Kílẹ̀ tó ṣú, mo fetí sí ẹnu ìkòkò.

“Ṣé ó ń hó?” ni Ìyá bi mí.

“Ó ń hó, Màámi.”

“Ó dáa. Mo lè sùn.”

Wọ́n wá, wọ́n mu, wọ́n bo ilé. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, Ìyá pè mí wọlé pé kí n wá gbọ́ bó ṣe ń lu orí ilé lásán.

Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi sùn lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó papò dà, ọkọ mi jogún ilẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jogún aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀. Ìyàwó kì í pín nínú ogún, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà Ìyá ò mọ òfin yẹn. Ilẹ̀kùn tèmi ni wọ́n ń kàn.